Táyà Òtútù Lẹ́sẹ̀ Mọ́tò Wendelin

Gebhard, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gbà pé oríṣi ènìyàn méjì ni Ọlọ́run dá: àwọn tí ó mọ mọ́tò wà, àti àwọn tí mọ́tò kàn ń gbé kiri. Oríṣi kejì ni èmi. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi rí. Láti ìgbà tí mo ti wọ ìdílé wọn, bí ó bá rí mi nínú mọ́tò kékeré tí mo fi ń ra wàrà àti ìyẹ̀fun, yóò dúró, yóò ká ọwọ́ gbera, yóò sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó rí ewúrẹ́ tó wọ bàtà.

Èmi náà ní èrò tèmi nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Sísítà tí ó kọ́ mi níwèé sọ fún wa pé bí ọ̀rọ̀ rere kò bá sí lẹ́nu ẹni, kí a fi oúnjẹ dí i. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń jẹun lórí ọ̀rọ̀ Gebhard.

Mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ti Wendelin ọkọ mi, ó sì jẹ́ ti Gebhard pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ àpọ́n, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ra mọ́tò eré ìje kan, aláwọ̀ eérú, oníjòókòó méjì péré. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, imú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí imú ajá tó ń gbóòórùn ipa ẹsẹ̀. Gebhard wà á títí ó fi rí mọ́tò mìíràn tó wù ú jù. Ó kó lọ sí ìlú Munich, ó ń bá àwọn ọlọ́rọ̀ ta ilé, ó sì fi èyí sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ bí ẹni fi aṣọ tí kò gba òun mọ́ sílẹ̀. Wendelin ni ó tọ́jú rẹ̀. Afra, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, kò tíì ka ìwé dáadáa tí ó fi ti ń na sípánà sí bàbá rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò náà. Nísinsìnyí ó ti dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń kọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wálé, gáráàjì ni ó ń kọ́kọ́ yà sí kí ó tó wá kí mi.

Níbi tí à ń gbé yìí, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Allgäu ní gúúsù Jámánì, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé láti Oṣù Kẹwàá títí di Àjíǹde, táyà òtútù, èyí tí a ṣe fún yìnyín, ni mọ́tò ń wọ̀. Ní Oṣù Kẹwàá tí ó kọjá, àìsàn ti jẹ Wendelin ku egungun. Síbẹ̀ ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí gáráàjì, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń pààrọ̀ táyà mọ́tò eré ìje náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Afra fẹ́ gbà á ṣe, kò jẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Wendelin, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mọ́tò yìí ń jáde ní gbogbo ìgbà òtútù. Kí ni táyà fẹ́ ṣe fún un?”

Ó ní, “Ottilie, ọjọ́ kan náà kò ní bi wá léèrè kó tó tutù.”

Iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Kí Àdífẹ́ǹtì, àsìkò ìmúra Kérésì, tó dé, a ti sin ín.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ń sọ ni Ọjọ́ Àwọn Ọba Mẹ́ta, ọjọ́ kẹfà Oṣù Kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn oní-mọ́tò-eré àfonífojì wa ń jáde. Ó yẹ kí ẹ rí wọn: àwọn ọkùnrin tó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu mọ́tò, tí wọn kò nu imú ọmọ wọn rí. Wọn a wọ ìbọ̀wọ́ awọ tí a dá ihò sí ní oríkèé ìka, wọn a gun òkè lọ sí ilé àdúrà Kírísítófà Mímọ́, alábòójútó àwọn arìnrìn-àjò, Fadá a sì wọ́n omi mímọ́ sára mọ́tò wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí stíárìn nígbà tí omi bá kán sí mọ́tò ni ẹgbẹ́ mọ̀ sí ẹni tó ni ín. Ìwé ìjọba lè sọ tirẹ̀, omi yẹn ni wọ́n ń gbọ́.

Níbi ìsìnkú Wendelin, nígbà tí à ń pín kéèkì fún àwọn tó wá kẹ́dùn, Gebhard fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan nípa àbúrò rẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ńkọ́?”

Afra wà nítòsí, ó gbọ́. Ó ní, “Ti bàbá mi ni. Èmi ni mo fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀.”

“Ìdajì ni ti bàbá rẹ,” ni Gebhard wí, ó ń jẹ kéèkì. “Ìdajì tó kù, tèmi ni. A ò sì lè fi ayùn là á sí méjì.”

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá Lorenz, olórí ẹgbẹ́ wọn, ọkùnrin onírunmú ńlá tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Lorenz fi ọwọ́ pa irunmú títí, ó ní Gebhard ni àgbà, kí Gebhard wà á lọ síbi ìbùkún lọ́dún yìí, kí Afra jókòó tì í. Gbogbo wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Bí Gebhard bá ti gbé mọ́tò náà dé iwájú Fadá, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn, yóò sì gbé e lọ sí Munich. Afra kò sunkún. Ó fọ abọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà títí òdòdó tí a yà sára àwọn abọ́ kan fi bó kúrò.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Ọba Mẹ́ta, Föhn dé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń ti ẹ̀yìn òkè wá ni, a máa ń já wọ àfonífojì wa láàárín òtútù bí àlejò tí a kò pè, a yọ́ yìnyín orí òrùlé, a sì fọ́ àwọn àgbà lórí. Ní ọ̀sán, àwọn ènìyàn ti bọ́ ẹ̀wù òtútù, wọ́n gbé àga síta. Ọ̀nà iwájú ilé wa gbẹ táútáú. Ìgbà náà ni Gebhard dé láti Munich, pẹ̀lú awò dúdú lójú bí ẹni tí oòrùn Ítálì ń pa.

Ó ṣí gáráàjì. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀kan, ó fi etí bàtà ta táyà iwájú.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Bàbá mi ni,” Afra dá a lóhùn.

“Wendelin? Áà. Àìsàn burú o.” Ó mi orí. “Táyà òtútù lẹ́sẹ̀ irú mọ́tò báyìí! Ìyàwó, ṣé ẹ̀yin náà máa ń wọ bàtà òjò fún ajá ọdẹ yín ni?”

“A ò ní ajá, ẹ̀gbọ́n,” mo wí.

Ó gbé mọ́tò náà jáde, ó wà á lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì padà pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tí ó rí àléébù tó ń wá.

“Ẹ wá gbọ́! Mo yí stíárìn lánàá, òní ni mọ́tò ń yí! Mo bá a dé kọ́nà, ó ń gbò síhìn-ín, ó ń gbò sọ́hùn-ún, bí ìyá àgbà tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Mo tẹ bíréèkì, ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rò ó ná!”

Kò parọ́. Mo ti gbé pẹ̀lú Wendelin pẹ́ tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà táyà òtútù rọ̀, wọ́n sì gé ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí eyín kí ó lè fi di yìnyín mú. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ooru bá mú, àwọn eyín wẹ́wẹ́ yẹn ni ó ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí mọ́tò tó gbọ́ ohun tí a wí. Nínú mọ́tò tèmi, ta ló fẹ́ mọ̀? Ṣùgbọ́n mọ́tò eré ìje dà bí ẹlẹ́nu mímú, kíákíá ni ó fẹ́ fèsì. Táyà òtútù a sọ ọ́ di akólòlò. Wendelin mọ èyí, ó kàn ń rọra wà á ni. Gebhard kò mọ bí a ti ń rọra.

Ó tún rí ìwé kékeré kan tí ọkọ mi lẹ̀ mọ́ iwájú awakọ̀, tí a kọ iye eré tí táyà náà lè gbà sí. Òfin ni. Bí táyà òtútù kò bá lè sá tó mọ́tò fúnra rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lẹ ìwé náà síbi tí ojú awakọ̀ yóò máa rí i.

“Ẹ wo èyí! Mọ́tò tó ń fò bí àṣá, ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn bí ọmọ ilé-ìwé tó sọnù lọ́jà!” Ó fi èékánná ya á kúrò, ó ká a róbótó, ó sì jù ú sílẹ̀. “Níbo ni táyà gidi wà?”

Táyà ìgbà ooru wà lórí pẹpẹ, ojú ẹni kì í fò ó. Gebhard bọ́ ẹ̀wù, ó gbé jáàkì.

“Bàbá Gebhard, ẹ jọ̀ọ́,” ọmọ mi wí. “Ìsàlẹ̀ níbí ló gbóná. Ẹ̀yìn igbó lókè yẹn, oòrùn kì í débẹ̀ nínú oṣù yìí rárá. Gbogbo omi tó ń yọ́ lónìí, á dì mọ́ ojú ọ̀nà kó tó di àárọ̀. Táyà ooru á le bí pákó níbẹ̀.”

“Ọmọ, ìgbà tí mo ti ń gun òkè yẹn, ìyá rẹ ò tíì mọ orúkọ ìdílé wa.”

“Ìgbà ooru lẹ máa ń gùn ún.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní ẹ kú iṣẹ́.”

Ó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó ti ń tú àwọn tí Wendelin fi sí i, ó ń tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yí lọ, ó wọ inú ààtàn tí mo ń da èèpo ànàmọ́ àti ewé kábéèjì sí, ó ṣubú síbẹ̀. Gebhard kò bojú wẹ̀yìn. Afra lọ gbé e. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì nu táyà náà, ó tẹ ìka bọ àárín eyín kọ̀ọ̀kan. Mo wọlé. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró níbẹ̀, oúnjẹ kò ní lè dí ẹnu mi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn, agogo dún, ẹgbẹ́ pé síwájú ilé ìjọsìn. Gebhard dúró ti mọ́tò náà nínú bàtà awakọ̀ tín-ín-rín, irú èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ, ó ń wàásù.

“Táyà òtútù, ti àwọn abẹ̀rù ni! Ẹni tí kò bá lè mọ ojú ọ̀nà lára ìjókòó rẹ̀, kó lọ gun kẹ̀kẹ́!”

“Òótọ́ ọ̀rọ̀!” ni àwọn ọkùnrin náà wí. “Gebhard, ìwọ lo mọ̀ ọ́n wà!”

Bí wọ́n ti ń yìn ín ni mo ń wo ẹsẹ̀ mọ́tò wọn. Táyà òtútù ni gbogbo wọn wọ̀. Lorenz ti fi àwòrán Kírísítófà Mímọ́ bo ìwé eré tó wà níwájú stíárìn tirẹ̀, kí Gebhard má baà rí i. Ẹlòmíràn gbé fìlà lé tirẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn kan ti ní ọmọ-ọmọ, ẹnìkan ń ṣe onídàájọ́. Wọ́n ń fi Ẹni Mímọ́ bo táyà wọn nítorí ẹnu ọkùnrin kan tí ń bá ènìyàn ta ilé.

Afra jókòó ti Gebhard. Mo tẹ̀ lé wọn nínú mọ́tò mi pẹ̀lú kọ́fí àti búrẹ́dì ẹgbẹ́, nítorí iṣẹ́ àwọn ìyàwó nìyẹn, Wendelin kú tàbí kò kú. Lorenz wà lẹ́yìn mi, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ní ìsàlẹ̀, ó dára láti wò. Ọ̀nà gbẹ, mọ́tò aláwọ̀ eérú náà sì ń wọ kọ́nà bí òwú ti ń wọ ojú abẹ́rẹ́. Kò gbò, kò yẹ̀. Gebhard ń na ọwọ́ síta fèrèsé, ó ń juwọ́ sí wa. Mo rí ẹ̀yìn orí ọmọ mi nínú dígí, ó dúró ṣánṣán, kò yíjú sí ibì kankan.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ẹ̀yìn igbó.

Ẹnu ibẹ̀ tutù bí ẹnu kànga. Àwọn igi páìnì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, omi tí Föhn yọ́ lánàá sì ti dì mọ́ ojú títì, ó ń dán bí awo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mọ́tò mi kùn díẹ̀, ó ta eyín mọ́lẹ̀, ó ń lọ. Níwájú, Gebhard wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tí ó bá wá láti inú oòrùn. Mo rí i nígbà tí ẹ̀rù bà á. Ara mọ́tò náà ni mo ti mọ̀ ọ́n: Gebhard gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a kì í ṣe nínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn nìyẹn, Wendelin kọ́ Afra ní èyí kí ó tó kọ́ ọ ní ohunkóhun mìíràn. Ìwúwo fò síwájú, ìdí fúyẹ́, táyà tó ti le bí pákó kò rí ohun tí yóò dì mú. Ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lépa imú rẹ̀.

Kò yára. Ó yí po wẹ́rẹ́, láìpariwo, bí àgbà tó ń jó. Imú rẹ̀ kọjú sí mi, mo rí ojú Afra nínú dígí, ó funfun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ iwájú. Mo ké pe Wendelin. N kò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mọ́tò náà sì fi ìdí wọ òkìtì yìnyín etí ọ̀nà, ó dá ọ̀nà dúró ní ìbú, ó dákẹ́.

Mo ti sọ̀kalẹ̀, mo ti ń sáré. Afra ti ṣí ilẹ̀kùn.

“Kò sí nǹkan, Màmá. Kò sí nǹkan. Ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀.”

Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Lódìkejì, Gebhard jáde nínú bàtà èèpo àlùbọ́sà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì kò dúró dè é, ó sì fi ìdí lé ilẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, ó tún jókòó. Níkẹyìn ó di dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mú, ó fa ara rẹ̀ sókè, ó sì dúró síbẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn.

Kò bi ọmọ àbúrò rẹ̀ bóyá ó fara pa.

“Ṣọ́kì ẹ̀yìn ti kú!” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ. “Ẹ ò rí i bí ó ti yí? Wendelin ló ba mọ́tò yìí jẹ́!”

“Ṣọ́kì tuntun ni,” Afra wí. “Èmi àti bàbá mi la fi sí i.”

“Nígbà náà, ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀ ọ́n fi!”

Lorenz pa irunmú rẹ̀. “Gebhard, àbí táyà ni?”

“Táyà kẹ̀? Táyà eré ìje gidi lèyí! Bí táyà bá dára tí mọ́tò bá yí, mọ́tò ló bàjẹ́. Ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ àìsàn tú mọ́tò palẹ̀ ni!”

Ẹnìkan nínú wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu. Èmi ń wo Gebhard. Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ kúrò lọ́nà ọ̀fun mi, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò gbóná. Ó tutù, ó sì mọ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mọ́tò yìí ti bàjẹ́?”

“Pátápátá.”

“Kì í wá ṣe mọ́tò tí irú yín lè gbé lọ síwájú Fadá.”

“Èmi? Kí n gbé irin jágajàga lọ gba ìbùkún? Kí wọ́n lè máa fi mí rẹ́rìn-ín ní Munich?”

“Ìyẹn ni pé ẹ ò fẹ́ ẹ.”

Ó gbọn yìnyín kúrò nídìí ṣòkòtò rẹ̀. Omi ń kán láti orí páìnì sórí òrùlé mọ́tò. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mo fún un láyè, n kò yára. Ọ̀nà méjì péré ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè sọ pé, “Mọ́tò dára, táyà ni, èmi ni mo sì pààrọ̀ rẹ̀,” kí mọ́tò náà jẹ́ tirẹ̀. Tàbí kí ó dúró lórí pé mọ́tò bàjẹ́. Ojú rẹ̀ lọ sí táyà, ó lọ sí ojú àwọn ọkùnrin, ó padà sí táyà. Mo rí i bí ó ti ń yàn. Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbádùn rẹ̀.

“N kò fẹ́ ẹ,” ó wí. “Ẹni tó bá fẹ́ irin, kó kó irin.”

“Ọ̀gbẹ́ni Lorenz, ṣé ẹ gbọ́?”

Lorenz wo Gebhard, ó wò mí, ó wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bínú sí òun, kò rí i. “Mo gbọ́,” ó wí. “Gbogbo wa la gbọ́.”

“Afra,” mo ní, “gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.”

Ó gbà á. Kò dúpẹ́, Gebhard kò sì retí rẹ̀. Afra fa ìjókòó sún mọ́ iwájú, ó sọ fún àwọn ọkùnrin náà ibi tí wọn yóò ti tì í. Ó fi táyà apá ọ̀tún sínú yìnyín rírọ̀ tó wà létí ọ̀nà, nítorí yìnyín ṣì ń di nǹkan mú ju omi dídì lọ, ó sì ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú jíà, kò fọwọ́ kan bíréèkì. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ó ti ń pariwo láti àárọ̀ lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí ọ̀nà fẹ̀, ó yí i, ó sì kọ imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà òkè ṣí fún àwọn yòókù.

Mo gbé agbọ̀n kọ́fí fún Lorenz. Gebhard ti wọ mọ́tò Lorenz, ó jókòó, ó ń na ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́ tí ó ń wí pé, “Wo bí tìrẹ ti dúró gbọn-in! Mo ti ń sọ ọ́, ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀!” Lorenz kò sọ ohun tó wà lábẹ́ wọn fún un. Kírísítófà Mímọ́ náà kò sọ.

Mo tẹ̀ lé ọmọ mi sọ̀kalẹ̀. Nínú igbó, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde sínú oòrùn, tí ọ̀nà gbẹ, mo rí i tí ó yára díẹ̀. Létí odò, níbi tí kọ́nà ti pọ̀, ó yára sí i, mọ́tò náà sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èmi sì ń pariwo nínú mọ́tò mi fún ẹni tí kò lè gbọ́ mi.

Ó dúró níwájú ilé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí stíárìn.

“Màmá.”

“Kí ló dé? Ara ń dùn ọ́?”

“Rárá. Táyà yìí dùn.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni wà níbi ìjẹ́wọ́. “Lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kí n tó rò ó tán, ó ti yí. Bàbá Gebhard ò parọ́.”

“Mo mọ̀ pé kò parọ́,” mo dáhùn. “Ìdajì òtítọ́ ló ní lọ́wọ́. Ó wá ń ná an bí odindi.”

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà ó gbé orí lé stíárìn, èjìká rẹ̀ sì ń mì, n kò sì mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Agogo ilé àdúrà dún láti òkè. Wọ́n ti ń wọ́n omi. Mo rí Gebhard lọ́kàn mi, ó dúró láàárín àwọn mọ́tò onímọ́tò, omi mímọ́ ń kán sórí bàtà tín-ín-rín rẹ̀. Mo gbàdúrà kúkurú kan, irú èyí tí àwọn Sísítà kò kọ́ wa: kí omi náà tutù.